Ta ló kọ́ ọmọ mi ní súwè?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Leeds ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 7, fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí iwájú ilé, ó ju òkúta sí i, ó sì ń fi ẹsẹ̀ kan fò. Súwè ni! Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ. Ta ló kọ́ ọ, báwo sì ni mo ṣe lè kọ́ ọ ní tiwa gan-an?

Èsì: Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Òròkí ni èmi náà. Àwọn ọmọ tó fi díẹ̀ jù ú lọ ní ilé ìwé ló kọ́ ọ. Ọmọ ọdún 6 a máa wo ọwọ́ ọmọ ọdún 10, nígbà tí òun náà bá sì fi máa pé 10, àwọn kékeré á ti máa wo ọwọ́ tirẹ̀. Nítorí náà, eré tó bá ti pé 100 ọdún ti lè gba ọwọ́ ìran ọmọdé bíi 20 kọjá láìsí ìwé, láìsí olùkọ́.

Ní Vienna tí mo ń gbé, àwòrán kan wà tí Pieter Bruegel yà ní ọdún 1560, eré ọmọdé tó lé ní 80 ló wà nínú rẹ̀. Iwájú àwọn ọmọ méjì tó ń fi igi lé òrùka ńlá kiri ni mo dúró sí, torí pé táyà tí àwa náà ń lé láti Ìgbọ̀nà lọ sí ọ̀nà réluwéè ni mo rí. Bẹ́ẹ̀ Bruegel kò dé Òṣogbo rí o. Ohun tó bá rí roboto, ọmọdé yóò yí i, níbikíbi tó bá wà. Àwọn eré mìíràn ní tiwọn máa ń bá èrò rìn, ẹ sì rántí pé láti ọdún 1907 ni réluwéè ti ń já onírúurú èèyàn sílẹ̀ ní Òṣogbo, tọmọtọmọ. Ti bojúbojú ni kò ṣòro láti mọ ibi tó ti wá: Olórò tí a fi ń dẹ́rù ba ara wa níbẹ̀ kò lè wá láti Leeds.

Ní ti kíkọ́ ọ, èmi ti gbìyànjú rẹ̀ ní pálọ̀, ọmọ mi ń wò mí bí ẹni tó wà ní kíláàsì ìṣirò. Ìgbà tí a lọ sílé ní oṣù Kẹjọ ni àwọn ọmọ àbúrò mi fi èédú fa súwè, wọ́n fún un ní àfọ́kù àwo, ó fò ó dé òpin, ó fẹ́ kúrò, ni wọ́n bá pariwo pé kò tíì kọ́lé! Wọ́n ní kó kẹ́yìn sí i, kó ju àfọ́kù náà sẹ́yìn láìwò. Ibi tó bọ́ sí di ilé rẹ̀, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Vienna kò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, àwọn mẹ́rin ló ń bá a kọ́lé ní àgbàlá wa.