Èsì: Ìdí tí ẹ ò fi rí "Le Cygne" nínú ìwé yín

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ẹ ò rí "Le Cygne", ewì Charles Baudelaire, akéwì ilẹ̀ Faransé, nínú ìwé ewì rẹ̀ "Les Fleurs du mal". Ìwé yín ò já ewé. Ìtẹ̀jáde 1857 lẹ ń wò, ọdún 1861 ni Baudelaire sì tó fi ewì náà kún ìwé ọ̀hún. Ẹ wá ìtẹ̀jáde kejì, kẹ́ ẹ wo ìpín "Tableaux parisiens". Tó bá jẹ́ pé àtúntẹ̀ òde òní lẹ fẹ́ lò, ẹ kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ ìṣáájú wò, ọ̀pọ̀ wọn ló tẹ̀ lé ti 1861.

Ẹ tún bèèrè bóyá ilé wíwó ní Paris kan ewì náà. Ó kàn án gan-an! Lẹ́bàá ààfin Louvre, níbi tí wọ́n ti wó àwọn ilé, ni akéwì ti rántí ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn kan (òun ni "cygne" tí wọ́n fi pe ewì náà) tó já kúrò nínú àgò, tó ń wọ́ ìyẹ́ nílẹ̀, tó ń wá omi nínú gọ́tà gbígbẹ. Victor Hugo, òǹkọ̀wé Faransé tó ń gbé nílẹ̀ àjèjì nígbà náà lẹ́yìn tí wọ́n lé e kúrò nílùú, ni Baudelaire fi ewì ọ̀hún jì.

Iṣẹ́ Haussmann, ìjòyè ìjọba tó ń tún Paris ṣe, ló fa ilé wíwó yẹn: láti 1853 sí 1870 ló fi ń la títì gbọọrọ. Owó ilé gun òkè, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kó lọ sí Belleville, àdúgbò kan létí ìlú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka "Les Yeux des pauvres" ("Ojú Àwọn Tálákà") tí Baudelaire kan náà kọ: bàbá kan nínú àkísà, ó di ọmọ kan lọ́wọ́ mú, ó gbé èkejì, wọ́n ń wo ilé kọfí tuntun tó ń dán. Obìnrin tó jókòó níbẹ̀ ní kí wọ́n lé wọn. Ó máa ń dùn mí wọra.