Third Class ni mo fi jáde: ṣé màá kọ́kọ́ ṣe Master's kí n tó lè kọ́ ìṣègùn?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà, Dókítà. Microbiology ni mo kà, Third Class ni mo gbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe agúnbánirọ̀ tán, ọmọ ọdún 25 ni mí. Láti kékeré ló ti ń wù mí kí n di dókítà. Wọ́n ní kí n lọ ṣe PGD (díplómà tí èèyàn ń ṣe lẹ́yìn digirí) àti Master's ná, kí n fi fọ èsì mi. Ẹnìkan sì ní òun á bá mi wá Direct Entry, ìyẹn kí n fi digirí mi wọlé tààrà sí 200 level, kí n mú ₦600,000 wá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ "fífọ èsì" yìí ti sú mi í gbọ́. Ó ń jẹ ọjọ́ orí àwọn ọmọ wa, ó sì ń jẹ owó àwọn òbí wọn.

Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá gba UTME, ìdánwò JAMB, wọlé ní Nàìjíríà. 100 level ni wàá ti bẹ̀rẹ̀, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní girama. Èsì WAEC tàbí NECO rẹ, máàkì UTME rẹ nínú 400, àti ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ bá ṣe ni wọ́n máa wò. CGPA àtijọ́ kò sí nínú ìṣirò yẹn. Ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í gba Third Class fún Master's tààrà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti ẹ sí PGD. Kí o tó ṣe méjèèjì tán, bí ọdún mẹ́ta ti lọ, ìyẹn ìdajì ọdún mẹ́fà tí a fi ń kọ́ MBBS, digirí ìṣègùn. Fọ́ọ̀mù JAMB kan náà lo sì máa padà wá rà! Master's wúlò fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìwádìí tàbí kó di olùkọ́. Kì í ṣe ọ̀nà ìṣègùn.

Direct Entry ni èsì àtijọ́ ti ń dènà. Tó bá jẹ́ digirí lo fẹ́ fi wọlé, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń béèrè Second Class Upper, ó kéré tán. Oníjìbìtì ni ẹni tó ní kí o mú ₦600,000 wá. Ìgbaniwọlé tí kò bá hàn lórí CAPS tí JAMB fi ń fọwọ́ sí orúkọ, kì í ṣe ìgbaniwọlé. Bó bá sì yí i padà pé yunifásítì ní Kútọnu ló kù, rántí pé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ dá ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè Benin àti Togo dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan gba digirí níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Mú èsì WAEC rẹ jáde lónìí. Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Physics, Chemistry, Biology: kírẹ́díìtì ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jẹ́, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì ń fẹ́ ẹ ní ìjókòó kan. Bí ọ̀kan bá kù, lọ tún un ṣe. UI ń béèrè máàkì 200 nínú UTME kí o tó lè ṣe ìdánwò tiwọn, ṣùgbọ́n má fi 200 tan ara rẹ: àyè tí MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà, fọwọ́ sí kò tó nǹkan, àwọn tó ń dù ú sì pọ̀ bí eṣú.

Èmi náà ní ìbéèrè: kí ló fà á tí o fi gba Third Class? Ṣé owó ni, àbí àìsàn? Àbí ó di ìgbà tí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí o tó ṣí ìwé? Bó bá jẹ́ ti ìkẹyìn yìí, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Nínú ìdánwò Anatomy tí à ń pè ní steeplechase, wọ́n á to ẹ̀yà ara òkú sórí tábìlì, wọ́n á gún píìnì mọ́ iṣan kan. Agogo á dún, wàá kọ orúkọ rẹ̀. Agogo á tún dún, wàá sún síwájú, yálà o kọ ọ́ tàbí o kò kọ ọ́. Ní ẹ̀ka tí o ti wá, 45 lè gbé ọ kọjá. Lọ́dọ̀ wa, 50 ni, ẹni tó gba 49 ti fìdí rẹmi. MBBS kò sì ní Third Class tí èèyàn lè fi rọra jáde.

Mi ò tíì rí ìwé rẹ, ìlànà sì máa ń yí padà. Nítorí náà, lọ bi ọ́fíìsì ìgbaniwọlé yunifásítì tí o fẹ́ kí o tó ra fọ́ọ̀mù, kí o sì bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba JUPEB tàbí IJMB (àwọn ìdánwò tí èèyàn fi ń wọ 200 level) fún ìṣègùn. Bí wọ́n bá béèrè bóyá o ti lọ sí yunifásítì rí, sọ òótọ́.

Ọjọ́ orí rẹ kò pọ̀ jù. Àmọ́ wàá ti lé ní 30 kí o tó bẹ̀rẹ̀ house job, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí dókítà tuntun ń ṣe ní ilé ìwòsàn, torí náà bá àwọn tó máa gbọ́ bùkátà rẹ sọ̀rọ̀ kí o tó fi orúkọ sílẹ̀.