Ẹ má kàn ní "òòyì ń kọ́ mi"

Ẹ kú ìrora, mà. Ẹ ní òòyì ń kọ́ yín, àtẹ́lẹsẹ̀ yín ti kú tipiri, wọ́n ya àwòrán inú orí yín, wọn ò rí nǹkan kan. Ó ká mi lára gan-an, torí ọdún méjì gbáko ni mo fi wà níbi tí ẹ wà yẹn.

Gbogbo ibi tí mo dé, "òòyì" ni mo ń pè é, oògùn òòyì náà ni wọ́n sì ń kọ fún mi. Oorun ni oògùn ọ̀hún ń kùn mí, mo wá ń ṣubú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ẹbí ti ń ní ayé ló ń ṣe mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń bọ́jú. Mo fi ọṣẹ sójú, mo dijú, àfi gbìì! Èjìká mi ti gbá ògiri balùwẹ̀. Mo lajú, ara mi dúró. Mo tún dijú, mo tún ń fì. Ilé ò yí, orí mi mọ́ kedere. Ẹsẹ̀ mi ni kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà.

Bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn fún dókítà, ló bá fi bíírò sílẹ̀. Ó ní kí n kó ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí n dijú, ó dúró sẹ́yìn mi kó lè gbà mí mú. Ó lu irin kan kó máa gbọ̀n, ó gbé e lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi. N kò mọ̀ ọ́n. Kókósẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n. Orúnkún ló dé kí n tó mọ̀ pé ó ń gbọ̀n.

Ojú, inú etí lọ́hùn-ún, àti ìròyìn tí iṣan ẹsẹ̀ ń gbé lọ sí ọpọlọ, àwọn ló ń gbé èèyàn ró. Ti ẹsẹ̀ tèmi ti dákẹ́, ojú ló wá ń ru ẹrù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣubú bí wọ́n bá mú iná lọ.

Àtọ̀gbẹ ni mo ní, mo sì ti lo metformin fún ọdún mẹ́sàn-án. Oògùn dáadáa ni, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ lára, ó lè mú B12, ìyẹn fítámìn tí iṣan ara nílò, lọ sílẹ̀. Wọ́n yẹ tèmi wò, ó ti lọ sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Títa tí ẹsẹ̀ ń ta mí ti dínkù. Kíkú rẹ̀ ò tíì lọ tán.

Mo ti kó sálúbàtà dànù, torí ọ̀kan yọ lẹ́sẹ̀ mi lọ́jà, mo sì ń rìn lọ láì mọ̀. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni mò ń wọ̀. Mo gbé àpótí ìjókòó sí balùwẹ̀, iná alágbára bátìrì sì ń tàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Bí ilé bá ń yí nígbà tí ẹ bá yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ibùsùn, tó sì lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ó lè jẹ́ etí, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe ń yí orí èèyàn tó fi ń lọ. Bó bá jẹ́ pé ojú ń ṣú yín tí ẹ bá dìde, ẹ ní kí wọ́n wọn BP yín, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ní ìdùbúlẹ̀, kí ẹ dìde, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí nọ́ńbà tòkè bá fi 20 já wálẹ̀, wọ́n ti rí nǹkan kan nìyẹn.