Ṣé ọjọ́ márùn-ún tó láti ti Àjàṣẹ́ lọ gbafẹ́ ní erékùṣù Príncipe?

Rárá o, kò tó. Ẹ ó wọ bàálù ní Kútọnu, ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀ lọ́nà kẹ́ ẹ tó dé São Tomé, erékùṣù ńlá tí òun àti Príncipe jọ jẹ́ orílẹ̀-èdè kan, ibẹ̀ lẹ ó sì ti tún wọ bàálù kékeré lọ sí Príncipe. Ojú ọ̀nà ni ọjọ́ yín máa tán sí.

Tó bá jẹ́ èmi ni, São Tomé ni mo máa dúró sí, kí n sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Rolas, erékùṣù kékeré tí ìlà agbedeméjì ayé gba orí rẹ̀ kọjá. Wọ́n fàmì sí ojú ibẹ̀. Ẹ lè fi ẹsẹ̀ kan sí àríwá ayé, kí èkejì wà ní gúúsù.

Oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ló dáa jù. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà bá ń da Àjàṣẹ́ láàmú, ẹ̀ẹ̀rùn ni tiwọn lọ́hùn-ún.

Dobra ni wọ́n ń ná, àmọ́ yúrò ni kẹ́ ẹ mú dání, ẹ má gbójú lé sẹ́fà. Yúrò kan jẹ́ dobra 24.5, ó sì jẹ́ sẹ́fà 655.957, torí náà tí wọ́n bá pe ẹja ní dobra 100, bíi sẹ́fà 2,700 nìyẹn.

Ẹ má gbàgbé káàdì àjẹsára ibà pọ́njú. Èdè Pọtogí ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, Faransé yín lè má fi bẹ́ẹ̀ wúlò.