Ìbéèrè Òǹkàwé: Adití ni mí, ṣé kí n gbà láti ṣe olórí ìdíje ẹwà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa. Ọmọ Kétu ni mí, iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń ṣe. Ibà líle kan ṣe mí ní kékeré, láti ìgbà náà ni etí mi ti di, ọwọ́ ni mo sì fi ń sọ̀rọ̀. Láti ọmọdé ni ó ti ń wù mí kí n máa ṣètò ìdíje ẹwà: mo máa ń to àwọn ọ̀rẹ́ mi sí ìlà, màá wé aṣọ ìyá mi mọ́ wọn lára, màá sì yan ẹni tí yóò dé adé tí mo fi páálí gé. Ní ọdún yìí, ẹgbẹ́ àwọn adití tí mo wà nínú rẹ̀ ní kí n ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí yóò ṣètò ìdíje ẹwà fún àwọn ọmọbìnrin adití nínú oṣù Kẹsàn-án. Inú mi dùn débi pé n kò lè sùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní kí n gbé ipò náà fún ẹni tí ó ń gbọ́ràn, kí èmi ṣe igbákejì rẹ̀. Ó ní ta ni yóò bá mẹ́ẹ̀rì àti àwọn olówó sọ̀rọ̀, ta ni yóò sì gbọ́ bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìtàgé? Àgbà ni, ó fẹ́ràn mi, n kò sì fẹ́ yájú sí i. Kí ni kí n ṣe? Ṣé adití kan tilẹ̀ ti ṣe irú rẹ̀ rí?

Ọmọ Kétu

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, má gbé ipò náà fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n yàn ọ́ mọ̀ pé etí rẹ di kí wọ́n tó yàn ọ́, adití bíi tìrẹ sì ni wọ́n.

Adití ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní 1972 ni ẹgbẹ́ àwọn adití ilẹ̀ Amẹ́ríkà, National Association of the Deaf, dá ìdíje tiwọn sílẹ̀, èyí tí wọ́n wá pè ní Miss Deaf America. Nínú oṣù Kẹsàn-án 1994, Heather Whitestone, ọmọ ìpínlẹ̀ Alabama tí etí rẹ̀ ti di láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ oṣù 18, gba adé Miss America ti 1995 láàárín àwọn tí wọ́n ń gbọ́ràn, òun sì ni adití àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Nínú oṣù Kẹjọ 2024, Mia le Roux di Miss South Africa, òun náà ni adití àkọ́kọ́ tí ó dé adé yẹn. Àwọn méjèèjì ń fi ẹnu sọ̀rọ̀, àwọn adití kan sì bá Whitestone wí nígbà náà pé ó gbé ọ̀rọ̀ ẹnu ga ju èdè ọwọ́ lọ. Èmi kò dá a lẹ́bi, nítorí pé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà ni ó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìdíje tìrẹ yàtọ̀: èdè ọwọ́ ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn yóò fi bá ara wọn àti àwọn adájọ́ sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹni tí ó gbọ́ èdè náà dénú ni ó yẹ kí ó darí rẹ̀.

Wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ tí wọ́n dé Whitestone ládé. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, kò gbọ́. Ẹni tí ó ṣe ipò kejì ni ó nawọ́ sí i kí ó tó mọ̀ pé òun ni. Ìwọ tí o mọ bí irú rẹ̀ ti ń rí ni yóò rántí pé kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹni tí ó gbégbá orókè gàdàgbà sórí páálí, kí wọ́n gbé e sókè níwájú àwọn ọmọ, kí ẹnikẹ́ni má sì pa iná nítorí pé ó fẹ́ kí ojú ìtàgé dára. Ìwọ náà ni yóò sọ pé kí wọ́n gbé ìlù ńlá sórí pátákó ìtàgé gan-an, kí ó má wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí àwọn ọmọ lè fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ ọ bí wọ́n ti ń jó. Bí wàhálà bá sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìtàgé, iná tí a tàn tí a pa lẹ́ẹ̀mejì yóò pe àwọn adití ju ariwo lọ.

Ní ti ẹni tí yóò bá mẹ́ẹ̀rì sọ̀rọ̀, sọ ìtàn Andrew Foster fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ Alabama bíi Whitestone, etí rẹ̀ di nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11. Òun ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957, tí ó sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá òmíràn sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà, títí kan orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tiwa níhìn-ín, kí ó tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní 1987. Adití ni ó ń wọ ọ́fíìsì àwọn ìjọba láti tọrọ ààyè fún ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyẹn.

Ògbufọ̀ ni o nílò. Jẹ́ kí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tí o wá rí, kí o lè máa wo ojú àwọn méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀gá náà bá kọjú sí ògbufọ̀ tí ó sì ń bi í pé kí ni ọmọ yìí fẹ́, kí ògbufọ̀ túmọ̀ ìbéèrè náà fún ọ, kí ó sì dúró de èsì rẹ. Ẹ jọ fi ẹnu kò sí èyí kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni agbára ti máa ń bọ́ lọ́wọ́ olórí tí ó jẹ́ adití. Kọ owó iṣẹ́ ògbufọ̀ sínú ìṣirò owó ìdíje náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà fi ẹni tí ó kàn mọ àmì díẹ̀ dí àyè náà lọ́jọ́ ìkẹyìn.

Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ni ọ̀rọ̀ yìí kù sí, mo sì mọ̀ pé òun ni ó ń dùn ọ́ jù. Mú bàbá rẹ lọ́wọ́ lọ bá a, kí o kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ náà, kí o dúpẹ́ pé ó ń ro tìrẹ. Lẹ́yìn náà, bi í léèrè nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ẹ̀yin ará Kétu mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ: ọkùnrin ni ó ń gbé ère, ọkùnrin ni ó ń jó, akọrin ẹ̀fẹ̀ ni gbogbo ìlú ń tẹ́tí sí lóru, síbẹ̀ ta ni olórí wọn? Ìyálàṣẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó kọ́kọ́ gbé ère tàbí kí ó kọrin kí àṣẹ rẹ̀ tó múlẹ̀. Bẹ̀ ẹ́ kí ó wá bá ọ bójú tó àwọn ọmọ: kí ó wà pẹ̀lú wọn níbi tí wọ́n ti ń wọṣọ, kí ó má sì jẹ́ kí olówó kankan dá pe ọmọbìnrin kan sẹ́yìn. Iṣẹ́ àgbà ni, kì í sì í ṣe ti ojú ayé. Ṣùgbọ́n ìwé owó àti ìpinnu ìgbìmọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ni kí wọ́n wà.

Fi èdè Faransé kọ lẹ́tà sí mẹ́ẹ̀rì. Mẹ́nu ba òfin 2017-06 ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 2017, èyí tí Bẹ̀nẹ̀ fi ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, àti àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara tí orílẹ̀-èdè wa sọ di òfin fún ara rẹ̀ ní 2012, tí abala 30 rẹ̀ dárúkọ èdè ọwọ́ àti àṣà àwọn adití. Bí ẹ bá lè fi ìdíje náà sí ìtòsí ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún èdè ọwọ́, yóò rọrùn fún mẹ́ẹ̀rì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ láti dá sí i. Mú lẹ́tà náà lọ fúnra rẹ kí oṣù Keje tó parí, kí orúkọ rẹ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí ìgbìmọ̀.