Kí ni jẹ̀díjẹ̀dí gan-an, ṣé ṣúgà ló ń fà á lóòótọ́?

Ìbéèrè: Ìyá ọkọ mi wá kí wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà bá ti fọwọ́ kan bisikíìtì báyìí, wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ló fẹ́ fà sára. Ọmọ náà wá ń họ ìdí lóru, ni màmá bá ní ṣé àwọn ò sọ. Mo bi nọ́ọ̀sì kan. Ó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ ìdí tó wú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, pé ọmọdé kì í sábà ní in, àti pé ṣúgà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ta ló tọ̀nà? Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an?

Ẹ má tíì bá màmá jiyàn o. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni màmá àti nọ́ọ̀sì ń sọ, orúkọ kan ṣoṣo ló kó wọn pọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro. “Jẹ” àti “ìdí” ni a so pọ̀, tí a sì pè lẹ́ẹ̀mejì, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń fi iṣẹ́ sọ nǹkan lórúkọ. Ẹni tó ń ja ogun ni jagunjagun, ẹni tó ń pa iná ni panápaná, ẹni tó ń kó ilé onílé ni kólékólé. Ohun tó bá ń jẹ ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: orúkọ náà kò sọ fún wa bóyá aràn ló ń jẹ ẹ́, tàbí iṣan, tàbí egbò. Ibi tó ti ń dunni nìkan ló dárúkọ. Ní tèmi o, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo àríyànjiyàn yìí ti ṣẹ̀ wá.

Ẹ jókòó ti alágbo fún wákàtí kan, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ. Awakọ̀ tó jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí ìdí ń ta á, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Aboyún tí ẹran kékeré yọ sí létí ihò ìdí, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ọmọ tó ń họ ìdí, ọmọ tí ìdí rẹ̀ yọ síta lẹ́yìn ìgbẹ́ gbuuru, ẹni tó ń yàgbẹ́ ọ̀rìn, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Bàbá tí ẹ̀yìn ń ro, tí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ kò sì ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, alágbo á ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ti wọ̀ ọ́ lára. (Ọ̀pọ̀ irú bàbá bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ṣe wọ́n, ìgò àgbo ni wọ́n sì ń rà lójoojúmọ́.) Àìsàn mẹ́fà nìyẹn, ó kéré tán, tí ìwòsàn wọn kò sì jọra.

Àlàyé tí àwọn àgbà onísègùn ń ṣe kò gọ̀ rárá. Wọ́n ní aràn àti kòkòrò wà lára gbogbo wa, pé wọ́n ní àyè tiwọn nínú ikùn, wọ́n tilẹ̀ ń bá wa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ ju àpò wọn lọ ni wàhálà dé. Àdídùn ló sì ń mú wọn pọ̀: ìrèké, oyin, ṣúgà, ọtí, àti fún ọkùnrin, obìnrin àpọ̀jù. Ìkorò ló ń dá wọn padà sí àyè wọn. Ẹ wá rí ìdí tí àgbo fi gbọ́dọ̀ korò kí aláìsàn tó gbà pé oògùn ni. Nígbà tí wọ́n bá sọ fún ọmọdé pé adùn níí gbẹ̀yìn ewúro, ìmọ̀ ìṣègùn wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sùúrù nìkan.

Ohun tí àwọn dókítà rí nínú ara sún mọ́ èyí ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Gbogbo ẹ̀dá, láti ọjọ́ tí a ti bí i, ló ní ìrọ̀rí kéékèèké tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kún inú wọn ní ihò ìdí. Wọ́n ń bá wa dé ibẹ̀ kí omi àti afẹ́fẹ́ má baà jò. Kì í ṣe àìsàn. Ìgbà tí wọ́n bá wú tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n di èyí tí nọ́ọ̀sì ń sọ. Nítorí náà, òótọ́ ni pé jẹ̀díjẹ̀dí ń gbé inú gbogbo èèyàn. Àwọn àgbà kàn pe iṣan ní kòkòrò ni.

Ohun tó ń mú un wú ni ìtiraka. Ìgbẹ́ tó gbẹ tó le, téèyàn ń rin bí ẹni ń rọbí. Oyún àti ọmọ bíbí, ẹrù wúwo, ọjọ́ orí. Jíjókòó pẹ́ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà wà níbẹ̀, fóònù ọwọ́ wa sì ti sọ ibẹ̀ di pálọ̀.

Ṣúgà kò sí nínú àwọn tí mo kà yìí. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ọmọ tó fi bisikíìtì àti búrẹ́dì yó kò jẹ. Nínú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, àgbàdo àti èso ni fáíbà wà, èyíinì ni apá oúnjẹ tí ikùn kì í lè dà, tó máa ń fa omi mọ́ra tí ìgbẹ́ fi ń rọ̀. Àgbàlagbà nílò bíi gíráàmù 25 sí 30 rẹ̀ lójúmọ́. Ife ẹ̀wà sísè kan ní tó gíráàmù 11. Ègé búrẹ́dì funfun kan kò tó gíráàmù 1. Ẹ fi tẹ̀tẹ̀ tàbí gbúre sí ẹ̀wà yẹn, ẹ jẹ ìbẹ́pẹ lé e, ẹ mumi dáadáa, ẹ ti ń lọ síbi tó yẹ kẹ́ ẹ dé. Ẹni tó bá jẹ ọsàn kó jẹ ẹran rẹ̀ pẹ̀lú, kó má kàn fa omi rẹ̀ mu kó sì ju ìyókù nù bí a ṣe ń ṣe ní ẹ̀bá ọ̀nà. Màmá tọ̀nà nípa bisikíìtì nígbà náà, àlàyé tí wọ́n fi gbè é lẹ́sẹ̀ ni kò bá a mu.

Àgbo jẹ̀dí wá ńkọ́, ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣe iṣẹ́ kan. Oníkálukú alágbo ló ní àpòpọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ègbò ẹ̀gbẹ̀sì, ìpẹ̀ta, aáyù, kán-ún àti ewé àsùnwọ̀n kì í sábà jìnnà síbẹ̀. Àsùnwọ̀n yìí, ẹbí kan náà ni òun àti ewé sẹ́nnà tí wọ́n fi ń ṣe oògùn ìyàgbẹ́ tí ẹ ó rí ní kẹ́míìsì ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀. Irú èròjà kan náà ló wà nínú wọn: ó ń mú ìfun ṣiṣẹ́ kíkankíkan, tó bá fi máa di àárọ̀, inú ti ṣí. Ìtiraka lọ, ara tù, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ti jáde. Ìgbẹ́ ló jáde o. Ìrọ̀rí tó wú ṣì wà níbi tó wà. Ẹni tó bá sì sọ ọ́ di ohun àràárọ̀, ìfun rẹ̀ á kọ́ láti máa dúró de àgbo, omi ara àti èròjà pọtásíọ̀mù á sì máa bá a lọ.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni fún ọmọdé tàbí aboyún ní èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ègbò ìpẹ̀ta tó bá pọ̀ jù, májèlé ni, kán-ún kò sì bá ẹlẹ́jẹ̀ ríru rẹ́. Alágbo á bi yín bóyá èyí tí wọ́n fi omíkan ṣe lẹ fẹ́ tàbí èyí tí wọ́n fi ọtí ṣe. Ti ọtí yẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn èèyàn ń fọ́jú, wọ́n sì ń kú lójijì ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, methanol, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, ló wà nínú ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n mu. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀ nínú ìgò.

Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ máa ń jókòó sínú omi gbígbóná nílé wa, iṣan tó wú náà sì wà lára ohun tí ìyẹn ń tù. Kí omi náà ṣáà lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kó má bó èèyàn. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ti tó.

Ó wá ku ọmọ yín. Èmi kò rí i, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń họ ìdí lóru, aràn tín-ín-rín funfun bí òwú ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Abo rẹ̀ máa ń jáde lóru wá yé ẹyin sí etí ihò ìdí, ìyẹn ló ń yún un. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́yìn tó bá ti sùn fún bíi wákàtí méjì, ẹ lè rí i. Abẹ́ èékánná ni ẹyin rẹ̀ ń gbà dé ẹnu, kì í ṣe inú ṣúgà. Mebendazole ni wọ́n ń lò fún un: gbogbo ará ilé ló máa lò ó lọ́jọ́ kan náà, màmá pẹ̀lú, wọ́n sì máa ń tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ẹ gé èékánná ọmọ, kí ẹ fọ aṣọ ìbùsùn, kí ẹ máa wẹ ìdí rẹ̀ láràárọ̀. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ màmá ló bá orúkọ náà mu jù, nítorí ohun abẹ̀mí ló ń jẹ ìdí ọmọ lóòótọ́.

Ohun kan ṣì wà tí n kò fẹ́ kí ẹ fojú fò. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi àgbo bò mọ́lẹ̀. Tí ó bá pẹ́, ó ń fa áyọ́ọ̀nù (iron), èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, gbẹ, òòyì á máa kọ́ èèyàn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á funfun. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá, irú èyí tó pa Pelé ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, náà lè fi ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ bí “jẹ” ṣe wà nínú orúkọ méjèèjì. Tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tí ìṣesí inú bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí èèyàn sì ń rù láìmọ̀dí, ilé ìwòsàn ló kàn.

Nítorí náà, nígbà tí ilé bá dá, tí ẹ̀yin àti màmá bá jọ ń ṣa ẹ̀wà, ẹ fi ọgbọ́n bi wọ́n bóyá àwọn fúnra wọn ń rí ẹ̀jẹ̀. Àgbàlagbà tó ń dárúkọ jẹ̀díjẹ̀dí tó báyìí lè jẹ́ pé ohun tó ń ṣe wọ́n ni wọ́n ń sọ. “Jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ mí lẹ́nu” rọrùn láti sọ fún ìyàwó ọmọ ẹni ju “mo ti ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ láti oṣù mẹ́ta” lọ.