Ta ló ni "Ayé lọjà, ọ̀run nilé"?

Àbúrò, o ní wòlíì kan dìde níbi ìsìnkú, ó ní àwọn òyìnbó ajíhìnrere ló kọ́ Yorùbá ní "ayé lọjà, ọ̀run nilé", pé kí wọ́n tó dé, a ò mọ Ọlọ́run kan ṣoṣo, a ò sì mọ ìgbàlà. Irú ọ̀rọ̀ yìí a máa bí mi nínú, pàápàá lẹ́nu ẹni tó ń fi èdè Yorùbá jẹun.

Àwọn àgbà ti dáhùn tipẹ́: ayé la bá 'Fá, ayé la bá 'màle, ọ̀sán gangan nìgbàgbọ́ wọlé dé. Nígbà tí Freeman, ajíhìnrere ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, dé Abẹ́òkúta ní 1842, tí Townsend, ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, tẹ̀ lé e ní 1843, wọ́n bá Ọlọ́run lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀. Crowther, ọmọ Yorùbá tó ṣáájú nínú títú Bíbélì sí èdè wa, kò dá orúkọ náà sílẹ̀. Èyí tó wà nílẹ̀ ló kọ sínú Bíbélì. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé Abẹ́òkúta gbé Olódùmarè dání sọdá òkun, wọ́n ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ dòní.

Òwe gan-an ni mo fẹ́ kó o wò. Ọjà wo ni wọ́n ní lọ́kàn? Ọjà ọrọọrún ni. Obìnrin tó gbé iṣu lọ á tà, á ra iyọ̀ àti epo, á palẹ̀ mọ́, á gbalé lọ. Bí ọjà bá tún pé, á tún gbé igbá. Ìdí nìyẹn tí ọmọbìnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú ìyá àgbà fi ń jẹ́ Yétúndé, tí ọkùnrin ń jẹ́ Babátúndé: ẹni tó relé ló tún wá ná ọjà. Hébérù orí 9, ẹsẹ 27, ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn ń kú, ìdájọ́ ló kàn. Báwo lẹni tó ń wàásù ìyẹn ṣe máa kọ́ wa lówe ọlọ́jà tó ń lọ tó ń bọ̀?

Ní ti Ọlọ́run kan ṣoṣo, inú òwe yìí kan náà ló wà. Ṣàngó ní ojúbọ tirẹ̀, Ọ̀ṣun ní tirẹ̀, oúnjẹ wọn yàtọ̀, èèwọ̀ wọn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ pé oníṢàngó ní ọ̀run tirẹ̀, tí ọlọ́ṣun ní tirẹ̀? Olúkúlùkù pàtẹ sí ìsọ̀ tirẹ̀, ilé kan ni gbogbo wọn ń darí sí, ẹnì kan ló nilé. Wọ́n á ní Olódùmarè ò ní ojúbọ, nítorí náà a ò mọ̀ ọ́n. Ta ní í kọ́ ilé baálé sáàárín ọjà?

Bolaji Idowu, onímọ̀ ẹ̀sìn ọmọ Yorùbá, kọ ọ́ ní 1962 pé ìránṣẹ́ Olódùmarè làwọn òrìṣà. Okot p'Bitek, ará Uganda, bínú sí irú àlàyé bẹ́ẹ̀, ó ní aṣọ èrò àwọn ará Gíríìkì la ń wọ̀ fún òrìṣà wa kí òyìnbó lè bọ̀wọ̀ fún wa. Ó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Robin Horton, òyìnbó onímọ̀ nípa àṣà àti ẹ̀sìn Áfíríkà, ní 1971 ní bí ayé ṣe ń fẹ̀ lójú ará abúlé ni Ọlọ́run àgbà ń sún mọ́ iwájú. Àwọn Kalabari ní ìpínlẹ̀ Rivers lòun mọ̀ jù, kò gbọ́ bí a ṣe ń sin òkú wa tó. Àwọn ìyá tiwa a máa sọ fún òkú pé: "Má jọ̀kùn, má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó o bá wọn jẹ." Ẹni tó ń relé là ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Lónìí, aṣọ ẹbí àti ẹ̀rọ agbóhùnjáde ti gba àyè wọn; òwe ti di ohun tí a ń tẹ̀ sára bánà, láàárín fọ́tò olóògbé àti orúkọ ẹni tó se jọ̀lọ́ọ̀fù.

Ìgbàlà ni mo máa fi sílẹ̀ fún wòlíì yẹn, tirẹ̀ ni lóòótọ́. Ìjọ ni wọ́n ti sàmì sí mi lórí, mo mọ Éfésù orí 2: oore-ọ̀fẹ́ ni, kì í ṣe iṣẹ́, ẹlòmíràn ló san gbèsè. Tiwa ní "gbogbo ohun tí a bá ṣe láyé, la ó kúnlẹ̀ rò lọ́run." Ìwọ fúnra rẹ lo máa kúnlẹ̀. Ẹbọ lè yẹ ikú àti àrùn kúrò lọ́nà ẹni, kì í bá ni jíhìn. Jákọ́bù tó ní ìgbàgbọ́ láìsí iṣẹ́ òkú ni ló sún mọ́ wa jù nínú wọn, ṣùgbọ́n òun àti Pọ́ọ̀lù ni kí wọ́n jọ parí ìyẹn.